Kí Ẹ Tó Ra Ilé Àtijọ́

  Ọ̀rọ̀ omi àti ògiri ni mo mú wá lónìí. Mo fẹ́ kí a jọ wo ohun tí ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ nípa ọ̀rinrin kí ó tó ra ilé àtijọ́, àti ohun tí ó yẹ kí ó ṣe bí ó bá ti rà á tán, tàbí bí ó bá jogún rẹ̀.

Àwọn baba wa a máa sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹ di òwe yìí mú ṣinṣin, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wa tòní.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọkùnrin kan tí ó ti fi ọdún púpọ̀ tu owó jọ láti ra ilé. Inú oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, ni wọ́n mú un lọ wo ilé alámọ̀ kan ní àárín ìgboro Ìbàdàn. Ògiri ilé náà nípọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, inú yàrá sì tutù dáadáa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà kun gbogbo inú rẹ̀, ó ń dán. Ọkùnrin yìí san owó, ó gba ìwé, ó kó aya àti ọmọ wọlé.

Nígbà tí ó di oṣù Kẹfà, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gidigidi. Ọ̀dà ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí àkàrà inú epo. Ó ń ṣí, ó ń já bọ́ sílẹ̀. Àpótí aṣọ tí wọ́n gbé ti ògiri ń rùn, aṣọ inú rẹ̀ sì ti bu. Ọmọ wọn kékeré ń wúkọ́ ní òru. Ọkùnrin náà ra ọ̀dà mìíràn, ó tún un kùn. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, ọ̀dà náà ti tún ṣí. Nígbà náà ni ó lọ kí ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, ìyá. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé bí ilé yìí ti máa ń ṣe nígbà òjò nìyí?"

"Kú ilé, ọmọ mi. Ilé yẹn kò ní àrùn kankan o. Ọ̀nà omi ni wọ́n dí. Nígbà tí bàbá tí ó kọ́ ọ wà láyé, gọ́tà kan wà ní ẹ̀yìnkùlé tí ó ń gbé àgbàrá lọ. Lẹ́yìn tí ó kú, àwọn ọmọ da ilẹ̀ dí i, wọ́n sì kọ́ ilé ìdáná lé e lórí. Láti ìgbà náà ni omi ti ń dúró sí ìdí ògiri."

"Háà! Ìyá, ẹ kò sì sọ fún mi."

"O kò bi mí, ọmọ mi. Ọ̀dà ni o wò, o kò wo ilẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyá yìí ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Nígbà tí ògiri bá rin, ìròyìn ni ó ń mú wá. Ó ń wí fún wa pé omi kan wà tí ó ń gba ibi tí kò yẹ kí ó gbà. Ẹni tí kò bá wá ọ̀nà omi náà rí, tí ó kàn ń fi ọ̀dà bo ojú ògiri, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ọ̀nà mélòó ni omi ń gbà dé inú ògiri? Ọ̀nà mẹ́rin ni. Ẹ bá mi kà á.

Èkínní ni láti òkè. Páànù tí ó ti dípẹtà, ihò ìṣó tí ó ti fẹ̀, tàbí gọ́tà òrùlé tí ewé ti dí, gbogbo wọn ni ó ń da omi sí orí ògiri.

Èkejì ni láti ẹ̀gbẹ́. Afẹ́fẹ́ a máa gbá òjò lu ògiri. Bákan náà, omi tí ó ń ṣàn láti etí òrùlé, èyí tí a ń pè ní ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, a máa já lu ilẹ̀, a sì máa ta padà sí ara ògiri pẹ̀lú ẹrẹ̀. Bí ó bá ti ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ìsàlẹ̀ ògiri a máa jẹ wọnú bí ìgbà tí eku bá jẹ iṣu.

Ẹ̀kẹta ni láti ìsàlẹ̀. Omi inú ilẹ̀ a máa gun ògiri lọ sí òkè.

Ẹ̀kẹrin ni láti inú ilé fúnra rẹ̀. Balùwẹ̀ tí omi rẹ̀ kò ríbi lọ, páìpù tí ó ń jò nínú ògiri, ìkòkò tí ń hó nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa, àní èémí àwa tí a sùn síbẹ̀ pàápàá, omi ni gbogbo wọn ń kó sílé.

Mo mọ̀ pé ọmọ ilé-ìwé kan yóò béèrè pé, "Olùkọ́, báwo ni omi ṣe ń gun òkè? Ṣebí ìsàlẹ̀ ni omi ń ṣàn sí?" Ìbéèrè rere ni. Ẹ pò omi mọ́ tàdáwà díẹ̀, ẹ dà á sínú àwo pẹrẹsẹ kan, kí ó má jìn ju ìdajì ìka lọ. Ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì kan nàró sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa wò ó. Láìpẹ́ ẹ óò rí i tí àwọ̀ tàdáwà ń gun ara ṣọ́ọ̀kì náà lọ sí òkè. Ohun kan náà ni òwú àtùpà ń ṣe. Ìsàlẹ̀ ni karosíìnì wà, òkè ni iná ń jó, òwú ni ó sì ń fà á gòkè. Inú ṣọ́ọ̀kì kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Omi a máa lẹ̀ mọ́ ara ihò wọ̀nyí, a sì máa gbà á gòkè. Bí ihò bá ṣe kéré tó ni omi ṣe lè gòkè tó. Amọ̀ ní irú ihò bẹ́ẹ̀, bíríkì ní i, bílọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì náà ní i. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kọ́lé lóde òní fi ń tẹ́ ọ̀rá nípọnnípọn sórí ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó gbé ògiri dìde. Àwọn ilé àtijọ́ wa kò ní irú rẹ̀.

Omi tí ó ń ti inú ilẹ̀ bọ̀ kì í dá nìkan wá. Ó ń kó iyọ̀ inú ilẹ̀ dání. Nígbà tí omi bá gbẹ lójú ògiri, iyọ̀ kò lè gbẹ, ó kù síbẹ̀. Ohun funfun bí ìyẹ̀fun tí ẹ ń rí lára ògiri ilé àtijọ́ nìyẹn.

Nísinsìnyí tí a ti mọ ọ̀nà mẹ́rin yìí, a lè ka ògiri bí ẹni ka ìwé. Bí ibi tí ó rin bá tẹ́ gbọọrọ ní ìsàlẹ̀ ògiri, tí ìyẹ̀fun funfun sì wà ní etí rẹ̀ lókè, ẹ fura sí omi ilẹ̀. Omi ilẹ̀ kì í sábà gun ògiri ju ìwọ̀n mítà kan sí mítà kan àbọ̀ lọ. Nítorí náà, bí àbàwọ́n bá wà lókè fèrèsé tàbí lábẹ́ àjà, ẹ má ṣe di ẹ̀bi ru ilẹ̀. Ẹ gun òkè lọ wo páànù. Bí ojú kan ṣoṣo bá rin ní àárín ògiri, tí kò sì gbẹ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ wá páìpù tàbí balùwẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ohun dúdú tótòtó ni ó hù sí igun yàrá àti ẹ̀yìn àpótí, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í dé, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ omi inú afẹ́fẹ́ yàrá ni.

Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá inú ògiri ni omi ti ń jáde tàbí inú afẹ́fẹ́, ẹ gé ọ̀rá funfun kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ sì fi téèpù dí etí rẹ̀ yíká kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí inú ọ̀rá, ní ìhà ògiri, ògiri ni ó ń mú omi jáde. Bí ó bá sẹ̀ sí ojú ọ̀rá, ní ìhà yàrá, afẹ́fẹ́ yàrá ni. Ohun tí a fi ń ṣe ìdánwò yìí kò ju ọ̀rá àti téèpù lọ, ṣùgbọ́n ó lè gba owó ńlá lọ́wọ́ ìnákúnàá.

Nítorí náà, bí wọ́n bá mú yín lọ wo ilé, ẹ má ṣe lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì tún lọ lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ dúró lóde ná, kí ẹ wo ilẹ̀. Ṣé ilẹ̀ dà sí ọ̀nà títì ni, tàbí ó dà sí ara ògiri? Ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọ́n ti da ilẹ̀ sí ojú títì léraléra títí ilé àtijọ́ fi wà nínú kòtò. Ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ inú ilé ga ju ilẹ̀ òde lọ; ó dára kí ó fi 15 sẹ̀ǹtímítà ga jù ú, ó kéré tán. Nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ lo imú yín, nítorí ọ̀dà lè tan ojú, ṣùgbọ́n òórùn ọ̀rinrin kì í pẹ́ kí ó tó padà wá. Ẹ fi ìka kan ògiri. Ibi tí ó bá dún bí agbè òfìfo, rírẹ́ ara rẹ̀ ti kúrò lára amọ̀. Ẹ sún àpótí kúrò nídìí ògiri, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ lọ kí àwọn ará àdúgbò, kí ẹ sì béèrè ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà. Ẹ rántí ìyá àgbà wa.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ti ba ọ̀pọ̀ ilé alámọ̀ jẹ́ nílẹ̀ wa: kí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ tí ó rin. Ẹni tí ó ṣe é rò pé òun ń dáàbò bo ilé ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó wọ aṣọ òjò ọlọ́rá rìn nínú oòrùn. Òjò kò lè wọlé sí i lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n òógùn rẹ̀ kò lè jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ògiri amọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì bò. Amọ̀ a máa wú díẹ̀ bí ó bá rin, a sì máa sún kì bí ó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kì í bá a wú, kì í sì í bá a sún. Kò pẹ́, ojú sìmẹ́ǹtì yóò sán. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí ògiri bá ti lanu, omi òjò ni aláǹgbá tí yóò kọ́kọ́ wọlé. Ó wọ ẹ̀yìn sìmẹ́ǹtì, kò rí ọ̀nà jáde, ó sì ń sọ amọ̀ di ẹrẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Lọ́jọ́ tí sìmẹ́ǹtì bá já bọ́, ènìyàn yóò rò pé ọjọ́ náà ni ògiri bàjẹ́. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń bàjẹ́.

Èmi kò sọ pé gbogbo ilé alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ni yóò wó. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ṣì dúró, nítorí pé òrùlé wọn dára, ìdí wọn sì gbẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé sìmẹ́ǹtì kì í wo ògiri tí omi ń bá jà sàn.

Àwọn baba ńlá wa mọ ọ̀rọ̀ yìí kí sìmẹ́ǹtì tó dé. Wọ́n mọ̀ pé bí amọ̀ bá gbẹ, ó le bí òkúta, bí ó bá rin, ó di ẹrẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe mú etí òrùlé gùn, tí wọ́n sì yọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ síwájú yàrá kí òjò má baà dé ara ògiri. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́, tí a to àpáàdì náà nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́nà tí ó rẹwà. Ó ti lé ní 500 ọdún tí a ti tẹ́ wọn. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni kan tí ó jẹ́ obìnrin, Lúwòó, ni ó pàṣẹ pé kí a tẹ́ ilẹ̀ ìlú bẹ́ẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan aṣọ òun. Ẹ ò rí i pé ìjà ènìyàn àti ẹrẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ yìí, àti pé ilẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Àwa náà, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti ra ilé náà, ẹ tẹ̀lé ètò yìí, kí ẹ má sì fi ìkejì ṣáájú ìkínní.

Ẹ kọ́kọ́ tún òrùlé ṣe. Ẹ pààrọ̀ páànù tí ó ti jẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún ilẹ̀ ṣe. Ẹ kó ilẹ̀ tí ó ti gun ìdí ògiri kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ dà kúrò lára ilé. Bí ẹ óò bá la gọ́tà, ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n mítà kan, kí ó má sì jìn ju ìpìlẹ̀ lọ, kí ẹ má baà fi ọwọ́ ara yín yọ ẹsẹ̀ ilé. Ẹ rí i pé gọ́tà náà ní ibi tí ó ń da omi sí tí kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ ha gbogbo ibi tí rírẹ́ rẹ̀ ti kú kúrò, kí ògiri lè mí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá iyọ̀ ara rẹ̀ dànù. Ẹ má ṣe fi omi fọ̀ ọ́, nítorí omi yóò yọ́ iyọ̀ náà, yóò sì gbé e padà sínú ògiri.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ó ṣòro jù: ẹ dúró. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ilé a máa ṣírò oṣù kan fún ìnṣì kan nínú nínípọn ògiri. Ìṣirò ojú lásán ni, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ni ní sùúrù. Nípa ìṣirò yìí, ògiri tí ó nípọn tó ìnṣì 12 lè gba bí ọdún kan kí ó tó gbẹ tán.

Ìgbà tí ó bá gbẹ ni kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ohun tí a fi mọ ògiri ni kí a fi rẹ́ ẹ: amọ̀ tí a sẹ́, tí a pò pọ̀ mọ́ iyanrìn àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́. Ẹ wá bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́ amọ̀, kí ẹ má sì fi ojú kéré àgbà tí ó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ baba rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kùn ún, ẹ yẹra fún ọ̀dà elépo tí ń dán, nítorí aṣọ òjò ọlọ́rá ni òun náà. Ẹfun ìkunlé dára fún ògiri amọ̀ jù ú lọ.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ṣé nítorí ọ̀rinrin lásán ni gbogbo wàhálà yìí?" Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ilé nìkan. Ní ọdún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé ìtọ́nisọ́nà kan jáde lórí ọ̀rinrin àti ohun tí ń hù lára ògiri. Wọ́n fi hàn níbẹ̀ pé àwọn tí ń gbé inú ilé bẹ́ẹ̀ tètè ń ní ikọ́, àìlèmídélẹ̀ àti ikọ́ fée. Àyà ọmọ kékeré ni ó sì kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ yín bá ń wúkọ́ nínú yàrá kan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì gbé ibùsùn rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó máa ronú ọ̀dà.

Àwọn ilé kan wà tí ó yẹ kí ẹ kí ẹni tí ó ń tà á, kí ẹ sì máa lọ. Bí ògiri bá ti yọ ikùn, tàbí tí ó ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ó bá sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, tàbí tí ọ̀bẹ ń wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni gún ẹ̀kọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn síbẹ̀ nígbà òjò. Ẹ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà wá wò ó kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni kò tíì dé ibẹ̀. Ilé àtijọ́ kì í ṣe àkísà. Ilé kan wà ní gbàgede Tinubu ní Èkó, tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, tí a kọ́ ní ọdún 1855. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956, wọ́n sì wó o lulẹ̀ ní ọdún 2016. Ohun tí ọwọ́ àwọn baba ṣe, bí a bá ti wó o, kò sí owó tí ó lè rà á padà.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, bí òjò òní bá dá, ẹ jáde síta, kí ẹ yí ilé yín po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo ibi tí omi dúró sí. Bí ó bá jẹ́ ìdí ògiri ni, ọkọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò mú, kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a fi ilé wa ṣe ibi ìsinmi. Ó dàbọ̀ o.